Kí ló dé tí obìnrin Niger ń bí mẹ́fà, tí ti Gúúsù Kòríà kò sì bí tó ẹyọ kan?

Ní nǹkan bí ọdún 1960, obìnrin Gúúsù Kòríà máa ń bí tó ọmọ mẹ́fà kó tó dáwọ́ ọmọ bíbí dúró. Lónìí, Niger tó múlé gbe wa lápá àríwá ni obìnrin ti ń bí tó bẹ́ẹ̀. Ní Gúúsù Kòríà, iye náà já wálẹ̀ dé 0.72 ní ọdún 2023, ó sì gòkè díẹ̀ sí 0.75 ní 2024. Ìtumọ̀ 0.72 ni pé bí nǹkan bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọmọ 72 péré ni obìnrin 100 yóò bí láyé wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ló ń pinnu iye ọmọ tí ènìyàn ń bí. Ìtàn Kòríà já èyí nírọ́. Àwọn ènìyàn kan náà ló ń gbé ilẹ̀ náà; ayé tí wọ́n ń bímọ sí ló yí padà.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe rí káàkiri ayé?

Kí àwọn ọmọ tó lè rọ́pò àwọn òbí wọn, obìnrin kọ̀ọ̀kan ní láti bí nǹkan bí 2.1. Ó fi díẹ̀ lé ní méjì nítorí pé àwọn ọmọ kan kì í dàgbà, ọmọkùnrin tí wọ́n ń bí sì máa ń pọ̀ díẹ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ ní 2024 pé 2.3 ni gbogbo ayé wà, nígbà tó jẹ́ 3.3 ní 1990. Yúróòpù wà ní nǹkan bí 1.4. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà nìkan ni agbègbè ńlá tó ṣì ju 4 lọ.

Kí ló ń mú kí ọmọ bíbí dín kù?

Àkọ́kọ́ ni pé kí ọmọ má kú mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bàbá tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Dúrójayé, Málọmọ́ tàbí Kòsọ́kọ́ ti sin ọmọ rí, kò sì ní fi ọkàn tán ọmọ méjì péré. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára àti omi tó mọ́ bá dé ìlú, ẹ̀rù yìí a máa rọlẹ̀.

Ìkejì ni ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin. Ẹni tó bá wà nílé ìwé títí di ọmọ ọdún 18 kò ní ti bí ọmọ mẹ́ta kó tó pé 20. Ní Ìránì, obìnrin ń bí ju mẹ́fà lọ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Nígbà tí ìjọba gbé ìfètò sọ́mọ bíbí dé abúlé, tí ọmọbìnrin sì ń kàwé, ó di nǹkan bí méjì kó tó pé ogún ọdún sí i. Ní Bràsíl, kò sófin tó dín ọmọ kù fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ iye náà kúrò lórí mẹ́fà ní 1960 dé 1.55 nínú ìkànìyàn 2022.

Ìkẹta ni owó. Lóko, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè pọnmi, ó lè da ewúrẹ́. Ní Seoul, owó ilé àti owó lẹ́sìnnì ọmọ ń wọ òbí lọ́rùn, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ló sì ń ru ẹrù ilé tó pọ̀ jù.

Ṣé ìjọba lè fi òfin yí i padà?

Ṣáínà gbìyànjú rẹ̀. Láti nǹkan bí 1980 ni wọ́n ti fi òfin de àwọn tọkọtaya pé ọmọ kan ni kí wọ́n bí. Ní 2021, wọ́n yọ̀ǹda mẹ́ta. Síbẹ̀, láti 2022 ni iye ènìyàn wọn ti ń dín kù, Íńdíà sì gba ipò kìn-ín-ní lọ́wọ́ wọn ní 2023. Òfin lè dí ọmọ lọ́nà. Agbára káká ni òfin fi ń pè é padà.

Nàìjíríà ńkọ́?

Ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní 2018 rí i pé obìnrin Katsina ń bí 7.3, ti Èkó ń bí 3.4. Kí ẹnikẹ́ni tó pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, ìwádìí kan náà sọ pé obìnrin tí kò kàwé rárá ń bí 6.7, èyí tó kàwé kọjá girama ń bí 3.4. Lọ́dún náà, nínú ọmọ 1,000, 132 ló ń kú kó tó pé ọdún márùn-ún.

Nínú ìwádìí 2023 sí 2024, ikú ọmọdé wálẹ̀ sí 110, ọmọ bíbí sì wálẹ̀ láti 5.3 sí 4.8. Àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni. Ṣùgbọ́n iye wa yóò ṣì máa pọ̀ sí i. Ìyá àgbà tó bí mẹ́fà, tí mẹ́ta jẹ́ obìnrin, yóò ní ọmọ-ọmọ méjìlá láti ara àwọn obìnrin náà, bí wọn ò tiẹ̀ bí ju mẹ́rin mẹ́rin lọ.

Nítorí náà, ká má máa fi "ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ" ṣépè fún ìyá tó ti sin ọmọ méjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó wà nílẹ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé. Ẹ má yọ ọmọbìnrin nílé ìwé nítorí ọkọ. Bí a bá ṣe méjèèjì, obìnrin fúnra rẹ̀ yóò mọ iye tí apá rẹ̀ ká.