Àlejò ní Ìdí Ààrò: Iṣẹ́ Ìyọ̀ǹda-ara-ẹni àti Ìgbé-ayé Ẹbí ní Ilẹ̀ Nepal

Kókó ọ̀rọ̀ wa ni ipò tí àlejò máa ń wà bí ó bá wọ̀ sí ilé onílé ní ilẹ̀ Nepal láti ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun níbẹ̀. Ní 1962 ni àwọn Peace Corps ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dé Nepal; wọ́n dá iṣẹ́ dúró ní 2004, wọ́n sì padà ní 2012. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn ni ó ń fi àlejò sí ilé ará abúlé kí ó lè gbọ́ èdè, kí ó sì mọ ìwà àwọn ènìyàn. Ìbéèrè wa nìyí: ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ nínú ilé bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ ó di ọmọ ní tòótọ́ bí?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn wò. Ní èdè Nepali, dāi ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, didi ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, bhāi ni àbúrò ọkùnrin, bahini sì ni àbúrò obìnrin. Àwa Yorùbá lè wí pé 'ẹ̀gbọ́n' tàbí 'àbúrò' láìfi hàn bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Èdè tiwọn kò fi èyí sílẹ̀. Bí a sì ti ní 'o' àti 'ẹ', wọ́n ní timi fún ojúgbà tàbí ọmọdé, tapāī fún ẹni ọ̀wọ̀, àti hajur tí ó tún ga ju ìyẹn lọ. Wọn a máa pe ọlọ́jà àti awakọ̀ tí wọn kò mọ̀ rí ní dāi tàbí didi. Nítorí náà, ìpè ẹbí kò fi dandan sọ ènìyàn di ẹbí. Ó ń fún un ní ààyè tí yóò dúró sí ni.

Ibi oúnjẹ ni a ti ń dán ààyè náà wò. Dāl bhāt, ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀wà wẹ́wẹ́, ni ọ̀pọ̀ ilé ń jẹ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu ẹnìkan bá ti kàn ti di jutho, kò mọ́ fún ẹlòmíràn mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń da omi sẹ́nu láìjẹ́ kí ètè kan ìkòkò. Ẹni tí ó bá rò pé jíjẹ nínú àwo kan náà ni àmì ìfẹ́ yóò ṣi ilé náà lóye.

Ọ̀rọ̀ mímọ́ yìí ní ìtàn. Ìwé òfin Muluki Ain ti 1854 to gbogbo ènìyàn sí ìpele. Ó ka òyìnbó mọ́ àwọn tí ẹni òkè kò gbọdọ̀ gba omi lọ́wọ́ wọn. Òfin tuntun ti 1963 mú ìyà tí ó tẹ̀lé ìpele kúrò; òfin 2011 sì sọ ìyàsọ́tọ̀ náà di ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba ń fìyà jẹ. Síbẹ̀, ilé wà tí àlejò láti òkè òkun ti ń jókòó ní ìdí ààrò, tí aládùúgbò tí í ṣe Dalit kò sì lè wọlé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: inú rere tí wọ́n ṣe fún un lè bo ohun tí wọ́n fi du ẹlòmíràn mọ́ ọn lójú.

Ó yẹ kí á wo ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ pẹ̀lú. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ilé ni ó ń dáná, òun ni ó sì ń jẹun kẹ́yìn. Àlejò kan sí i, iṣẹ́ kan sí i ni fún un. Bí wọ́n bá san owó ibùgbé, ó yẹ kí á bèèrè ọwọ́ ẹni tí owó náà bọ́ sí. UNICEF pẹ̀lú ti kìlọ̀ nípa iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni ní ilé ọmọ aláìlóbìí ní Nepal, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni ó ní òbí láàyè. Owó àlejò sì lè mú kí àwọn kan máa kó ọmọ kúrò nílé.

Ní àkótán, àlejò kò di ọmọ nítorí pé wọ́n pè é ní ọmọ. Ọmọ a máa bá ìyá rẹ̀ pọn omi, a máa bá a fọ àwo, a sì máa mọ ẹni tí ó dúró síta. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ó bá wá sí Nepal ti bẹ̀rẹ̀.