Kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ àpò bàbá yín fún ẹni tó ń ra irin àlòkù

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́ àti ní ilẹ̀ Tógò, ohun kékeré kan la mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó ṣeé ṣe kó wà nínú àpótí bàbá àgbà yín: ọ̀bẹ àpò, èyí tó ń ká wọnú èkù ara rẹ̀. Bí bàbá bá papòdà, tí àwọn ọmọ ń tú ẹrù, aṣọ òkè ni wọ́n ń dù, ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n ń jà sí. Ọ̀bẹ tó ti dúdú yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra irin àlòkù ló ń lọ, pẹ̀lú ìkòkò tó ti lu àti kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́. Wọ́n á wọ̀n wọ́n pọ̀, ó parí.

Bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà ní Faransé, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé irú ọ̀bẹ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n ń kó o jọ, wọ́n ń fi ọ̀kan gba òmíràn lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n sì ń pa ìtàn rẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì. Kì í ṣe pé ọ̀bẹ wọ́n wọn lọ́jà. Ọwọ́ tó ti lò ó ni wọ́n ń wá.

Ọ̀bẹ tiwa, ti àgbẹ̀dẹ, inú àkọ̀ ló ń gbé. Àwọn àgbà sì ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọ̀bẹ àpò ní tirẹ̀ kò ní àkọ̀ kankan, èkù rẹ̀ ni ilé rẹ̀. Òkè òkun ni irú èyí tí à ń sọ yìí ti wá. Mẹ́ta la ó mú nínú wọn, torí pé ìtàn wọn kan Áfíríkà tàbí Faransé tó ṣèjọba lé wa lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú Opinel ná. Ní 1890 ni Joseph Opinel, ọmọ ọdún 18, tí bàbá rẹ̀ ń rọ irinṣẹ́, ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ lágbègbè olókè Savoie ní Faransé. Èkù igi, ojú irin, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di 1897, ìwọ̀n 12 ló wà, láti nọ́ńbà 1 dé 12. Nígbà tó yá, wọ́n dá nọ́ńbà 1 àti 11 dúró; nọ́ńbà 8 ló wá gbajúmọ̀ jù. Ẹ wo ojú irin rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí àmì ọwọ́ kan tí adé wà lórí rẹ̀. Ẹ tún wo ọrùn rẹ̀: ní 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka sí i, èyí tí ẹ ó yí kí ojú ọ̀bẹ má baà ká lé yín níka. Ọ̀bẹ ńlá tí kò ní òrùka yìí, àfi tí òrùka ọ̀hún bá ti já bọ́, àgbàlagbà ni. Àwọn kéékèèké ò ní in rárá, kí ẹ má fi ìyẹn tan ara yín jẹ. Ẹ má sì rẹ ẹ́ sómi o. Igi rẹ̀ á wú, á há ojú ọ̀bẹ mọ́ inú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ará Savoie, ńṣe ló máa ń fi èkù gbá nǹkan líle díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi yọrí.

Ìlú Thiers, ní Faransé kan náà, ti ń ṣe ọ̀bẹ láti nǹkan bí 600 ọdún. Níbẹ̀ ni Gaspard Cognet ti gbé Douk-Douk jáde ní 1929. Èyí ò ní igi rárá: pẹlẹbẹ irin kan ni wọ́n ṣẹ́ po, tí wọ́n fi ṣe èkù, wọ́n wá fín àwòrán sí i. Àwòrán ta ni? Òrìṣà tí wọ́n ń gbé jáde pẹ̀lú ẹ̀kú àti imọ̀ ewé ní erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Ẹni tó bá ti rí eégún nílé wa kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ará erékùṣù yẹn ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àríwá Áfíríkà àti aṣálẹ̀ Sàhárà ni orúkọ rẹ̀ ti dún jù. Ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan tí wọ́n ń pè ní El Baraka, tí àgbélébùú Agadez wà lára èkù rẹ̀. Baraka yìí náà la pè ní alùbáríkà.

Okapi ló kàn. Jámánì ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1902, fún títà ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹ̀yin ará Tógò, ẹ rántí pé títí di 1914, ọwọ́ Jámánì ni ilẹ̀ yín wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ náà ṣí lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Orúkọ ẹranko inú igbó Kóńgò ni wọ́n fún un. Èkù igi rẹ̀ máa ń ní òṣùpá àti ìràwọ̀ tí wọ́n fi irin ṣe, òrùka sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ ó fà kó tó lè ká. Bí ẹ bá ń ṣí i, á máa dún kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́. Àwọn jàǹdùkú ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ láwọn ìlú kan ní Gúúsù Áfíríkà. Ó dùn wá, torí àgbẹ̀ ni ọ̀bẹ yìí ń bá ṣiṣẹ́ jù.

Àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ ní ìwà tiwọn. Láti 1991 ni wọ́n ti ń ṣe ọjà àti àfihàn kan ní Thiers, tí wọ́n ń pè ní Coutellia. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ han ẹnì kejì, á ká a kó tó nà án. Ẹni tó gbà á á tọrọ àyè kó tó ṣí i, kò sì ní fi ìka kan ojú rẹ̀, torí òógùn ọwọ́ ń mú irin dógùn-ún. Èyí tó wù wá jù ni ti ẹ̀bùn. Ní Faransé, bí ọ̀rẹ́ bá fún ọ lọ́bẹ, o gbọ́dọ̀ fún un ní owó ẹyọ kan padà, bó ti wù kó kéré mọ. Wọ́n ní láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ á gé ọ̀rẹ́ yín. Lójú tiwọn, o ti rà á nìyẹn.

Wọ́n tún ń ka ọjọ́ orí ọ̀bẹ lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Case ní Amẹ́ríkà, láti 1970, to àmì tóótòòtó mẹ́wàá sábẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìdí ojú ọ̀bẹ, ó sì ń yọ ọ̀kan kúrò lọ́dọọdún. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà á mọ ọdún tí wọ́n ṣe é. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín: ẹ má fi yanrìn ha ọ̀bẹ àtijọ́, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ pọ́nbẹ. Dúdú tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin. Ọsàn, àlùbọ́sà àti ọdún tó ti lọ ló fi í síbẹ̀, ó sì ń bá irin jà fún ìdógùn-ún. Aṣọ gbígbẹ àti òróró díẹ̀ ti tó o.

A kò sọ pé ẹ ó fi owó rẹ̀ kọ́lé. Wọ́n ṣì ń ṣe Opinel àti Douk-Douk títí dòní, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì wọ́n. Ohun tí kò sí lọ́jà ni pé bàbá yín ló fi bó ọsàn fún yín lóko, tàbí pé lẹ́tà méjì tó fín sára èkù jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ta ló ni ín, ìlú wo ló ti rà á, iṣẹ́ wo ló fi ṣe. Ẹ ká ìwé náà mọ́ ọn. Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ta ohun àlòkù, ẹ bi ẹni tó gbé e wá léèrè, ẹ má sì bu ọjọ́ orí lé e nítorí oníbàárà. Ayédèrú pọ̀ lóde; ẹ wo bí orúkọ Laguiole ṣe wà lára ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà àti Pakistan.

Bí ọmọ yín bá ń mú un lọ sókè òkun, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú ni kó fi sí, kì í ṣe báàgì ọwọ́. Bó bá sì dé Faransé, kó fi í sílé. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí èèyàn máa mú ọ̀bẹ kiri ìgboro láìnídìí, ìbáà jẹ́ Opinel.