Hóró Kan Lójúmọ́: Lílo Oògùn HIV Déédéé

Oògùn HIV tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní Nàìjíríà lónìí kò ju hóró kan lójúmọ́ lọ. Oògùn mẹ́ta ló para pọ̀ sínú hóró náà: tenofovir, lamivudine àti dolutegravir. Láti ọdún 2006 ni oògùn HIV ti di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Nígbà tí éèdì pa olórin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní ọdún 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, kò sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ọwọ́ mẹ̀kúnnù kò tó irú oògùn yìí rárá.

Oògùn náà kì í lé kòkòrò HIV kúrò lára pátápátá. Ńṣe ni kì í jẹ́ kó bí sí i. Kòkòrò náà a máa lúgọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, níbi tí oògùn kò ti lè pa á. Bí a bá fo oògùn lọ́jọ́ mélòó kan, tí agbára oògùn lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kòkòrò náà á jáde, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Àwọn tó ń bí kì í jọra tán. Bí a bá rí nínú wọn èyí tí apá oògùn kò ká mọ́, àwọn yẹn ni yóò gbilẹ̀, dókítà á sì ní láti wá oògùn mìíràn.

Ẹni tó ń lò ó déédéé, tí àyẹ̀wò viral load sì fi hàn pé kòkòrò tó wà nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan kò tó 200, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Ìwádìí ọlọ́dún púpọ̀ láàárín àwọn lọ́kọláya ló fìdí èyí múlẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé aláìbìkítà lẹni tó ń fo oògùn. N kò gbà. Ìbẹ̀rù ojú ayé ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn. Obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ á da hóró oògùn láti inú ike sínú ọ̀rá, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ariwo rẹ̀ tàbí ka ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ọjọ́ tí àlejò bá kún ilé, oògùn ọjọ́ náà lọ nìyẹn. Ẹlòmíràn ń ti Òṣogbo lọ gba oògùn ní Ìbàdàn kí ojúlùmọ̀ má baà rí i. Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ńkọ́? Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè bóyá wọ́n lè fún un ní ti oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ni ẹ̀rù ti ń bà á, òfin ọdún 2014 kò gba ọ̀gá kankan láàyè láti lé òṣìṣẹ́ nítorí HIV.

Àwọn mìíràn wà tí wọ́n sọ fún lórí òkè àdúrà pé wọ́n ti rí ìwòsàn, kí wọ́n da oògùn nù. Ìkà gbáà ni. Àdúrà kò bá oògùn jà. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ramadan lè lò ó nígbà sààrì tàbí lẹ́yìn ìṣínu. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń mu àgbo, oògùn ikọ́ ife tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó ní kété tí ẹ bá rántí. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Nígbà tí Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́, títí kan ti HIV, dúró ní oṣù Kìíní ọdún 2025, jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Oṣù tó tẹ̀lé e ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti fi ra oògùn. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ fẹ́ ṣọ́ oògùn lò kí ẹ máa fi ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn kí èyí tó wà lọ́wọ́ yín tó tán.