Bí Orúkọ Rẹ Kò Bá Jáde: Ìmúra fún Ìgbìyànjú Kejì Láti Di Ọ̀gá Ológun

Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ wa ní Bọ́ládé, Òṣòdì, máa ń gba fọ́ọ̀mù láti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun. Nígbà tí orúkọ àwọn tó yege bá jáde, ilé kan a máa jó, ilé kejì a sì dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Ìyá a ní ọwọ́ ayé ni. Bàbá a ní àwọn kò ní ènìyàn lókè. Ọmọ fúnra rẹ̀ a wọ yàrá lọ, kò ní jẹun. Ilé kejì yìí ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kejì gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn, kó mọ ohun tó gbé e ṣubú. Winston Churchill, tó di olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ ológun Sandhurst. Ó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tó mọ ìdánwò náà dunjú, ó sì yege nígbà kẹta, ní ọdún 1893.

NÍBO LO TI ṢUBÚ?

Má retí lẹ́tà tí yóò ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi mú ọ. Ibi tí ìrìn rẹ pin sí ni yóò sọ ọ́ fún ọ.

Bó bá jẹ́ ìdánwò ni o ti ṣubú, ìwé kíkà ló kù. NDA, ilé ẹ̀kọ́ ológun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1964, ń béèrè kírẹ́díìtì márùn-ún, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Rántí pé ìdánwò JAMB ti ọdún tó kọjá kò ṣeé lò fún ti ọdún yìí. O ní láti tún un ṣe, kí o sì fi NDA ṣe ilé ẹ̀kọ́ tí o kọ́kọ́ yàn.

Bó bá jẹ́ pé o dé iwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan àwọn ológun kí wọ́n tó dá ọ padà, ohun mẹ́ta ni kí o yẹ̀ wò.

Èkínní ni ìwé rẹ. Ṣé orúkọ kan náà ló wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí WAEC àti ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fún ọ? Bí ọ̀kan bá sọ pé Adébáyọ̀, tí èkejì sọ pé Báyọ̀, tún un ṣe nísinsin yìí. Má dúró di ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò pè ọ́.

Èkejì ni ara rẹ. Ìwọ̀n gíga tí wọ́n ń béèrè ni mítà 1.68 fún ọkùnrin àti mítà 1.65 fún obìnrin. Bí o kò bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ta oògùn tí ń mú ènìyàn ga fún ọ, owó rẹ ló fẹ́ jẹ. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ àti orúnkún tó ń gbá ara wọn náà lè dá ènìyàn padà. Ṣùgbọ́n àwọn àìsàn kan wà tí dọ́kítà lè tọ́jú bí o bá tètè lọ. Lọ ṣàyẹ̀wò ojú, eyín, ìpá àti ẹ̀jẹ̀ ríru ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Eré sísá náà kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù ní pápá ilé ìwé, kì í ṣe láàárín àwọn dánfó.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu rẹ. Nílé wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbàlagbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n níwájú ìgbìmọ̀ ológun, ẹni tó ń wolẹ̀ dà bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tàbí tó ń parọ́. Kí bàbá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá jókòó bí ìgbìmọ̀ ní alẹ́ Sátidé, kí wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè, kí o dáhùn pẹ̀lú ojú tó dúró. Bí wọ́n bá bi ọ́ ìdí tí o fi fẹ́ ṣe ológun, tí o ní kí àwọn ènìyàn lè máa bẹ̀rù rẹ, o ti dá ara rẹ padà. Bí wọ́n bá sì bi ọ́ bóyá o ti wá rí, sọ òótọ́, kí o sì sọ ohun tí o ti tún ṣe láti ìgbà náà.

Àdúrà dára, ṣùgbọ́n kò ní bá ọ sáré, kò sì ní bá ọ ka ìwé.

ỌJỌ́ ORÍ

Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Ní àwọn ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ọdún 17 sí 21 ni NDA ń gbà. Ẹ jẹ́ kí a ní ọmọ kan ti pé ọdún 22, tí bàbá rẹ̀ fẹ́ lọ búra ní kóòtù pé ọdún 20 ni. Ọjọ́ ìbí tòótọ́ wà nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè àti nínú àkọsílẹ̀ ilé ìwé rẹ̀. Bí wọn kò bá tilẹ̀ rí i lónìí, ọmọ náà yóò máa fi ẹ̀rù ṣiṣẹ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì, nítorí ọjọ́ tí àṣírí bá tú, iṣẹ́ lè bọ́. Bákan náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn lò nítorí pé àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù kò pọ̀ níbẹ̀.

ẸNI TÓ NÍ ÒUN MỌ Ọ̀GÁGUN

Iléeṣẹ́ ológun ilẹ̀ Nàìjíríà ti kìlọ̀ léraléra pé àwọn kì í gbowó kí àwọn tó gba ènìyàn síṣẹ́. Owó fọ́ọ̀mù NDA sì ní ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ tí à ń gbà san án. Ìyá tó ń tajà l'Ọ́ṣòdì, tó kó àjọ ọdún kan fún ọkùnrin kan tó ní òun mọ ọ̀gágun, ta ni yóò fẹjọ́ sùn nígbà tí ọkùnrin náà bá sá lọ? Ẹni tó fúnni ní rìbá àti ẹni tó gbà á, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni wọ́n dá.

Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ló wà. L'Ọ́ṣòdì wa níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ bi wọ́n bí iṣẹ́ náà ti rí.

ILẸ̀KÙN MÌÍRÀN

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀, nítorí náà ẹni tó tó tán lè má wọlé. Bí ọjọ́ orí NDA bá sì ti kọjá, kì í ṣe òpin. Ẹni tó bá parí yunifásítì tàbí pólì pẹ̀lú èsì tó dára, tó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní NYSC, lè gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní DSSC. Ọ̀nà yìí sábà máa ń gba ènìyàn títí dé ọdún 32. Ẹ máa ka ìkéde ọdún kọ̀ọ̀kan fínnífínní, nítorí òfin lè yí padà.

Dwight Eisenhower ti Amẹ́ríkà fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ojú omi, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá. Kò dín in kù. Ó gba ilé ẹ̀kọ́ ológun orí ilẹ̀ ní West Point lọ ní ọdún 1911. Òun ló darí àwọn ọmọ ogun tó gúnlẹ̀ sí etíkun Faransé ní ọdún 1944.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti Kàdúná dé lọ́wọ́ òfo, ẹ má ka iye tí ẹ ná sí i létí. Ẹ fún un ní oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé àti kálàmù, kí ẹ jọ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: ohun tó gbé e ṣubú, ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Kí ọjọ́ náà má jìnnà.