Lẹ́tà Gàdàgbà Tó Ṣá àti Àmì Yorùbá: Àpẹẹrẹ láti Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Lára àwọn fọ́ǹtì tí àwọn ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà ń lò fún àkọlé ni lẹ́tà gàdàgbà tó dà bí èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. A kì í fi irú rẹ̀ tẹ ìwé. Pátákó ìpolówó, èèpo àwo orin àti ara aṣọ ni àyè rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ń ṣàlàyé bí ṣíṣá àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tó jẹ́ ẹwà lára lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè ba ìtúmọ̀ jẹ́ nínú èdè Yorùbá.

Ìgboro ni irú ìrísí yìí ti wá. Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ó wà lára ògiri àti lára dáńfó aláwọ̀ ìyeyè onílà dúdú. Bí a bá gé lẹ́tà O tàbí A sára páálí láti fi kun ọ̀dà, inú rẹ̀ yóò já bọ́ àfi bí a bá fi okùn páálí tín-ín-rín dá a dúró. Lẹ́tà náà ti pín kí òjò àti oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn. Seyi Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Afrotype ti sọ àkọlé ara dáńfó di fọ́ǹtì, Danfo, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Google Fonts. Fọ́ǹtì náà kò ṣá, ṣùgbọ́n ó jẹ́rìí pé ìgboro Èkó lè jẹ́ orísun fọ́ǹtì.

Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù lára ògiri ni MA TO SIBI. Pẹ̀lú àmì, *má tọ̀ síbí* ni. Bí àmì abẹ́ lẹ́tà bá sọnù, ó di *má tò síbí*, èyí tó ń lé àwọn tó fẹ́ tò sórí ìlà. Kò sí ẹni tó ń ṣi ti ògiri kà, nítorí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí ti túmọ̀ rẹ̀. Pátákó ìpolówó kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Àmì nìkan ló ní. Láti ìpàdé àkọtọ́ tí CMS ṣe ní Èkó ní 1875 sì ni àmì abẹ́ lẹ́tà ti fìdí múlẹ̀ nínú àkọtọ́ Yorùbá.

Ìṣòro kọ̀ǹpútà tún wà níbẹ̀. Nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní. A ní láti so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà ni. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá pèsè ojú ìsopọ̀, àmì yóò fò kúrò ní àyè rẹ̀. Bí fọ́ǹtì kò bá tilẹ̀ ní lẹ́tà náà, kọ̀ǹpútà yóò yá a láti inú fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà tó mọ́ rekete yóò sì jókòó láàárín àwọn tó ṣá. Bí a bá sì da àpá lé ojú lẹ́tà láìṣàyàn, àmì kékeré ni yóò kọ́kọ́ parẹ́.

Nítorí náà, ara lẹ́tà ni kí àpá mọ sí; kí àmì tóbi, kí ó sì pé. Kí a tó gbé irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ jáde, kí a fi ỌKỌ, ỌKỌ́ àti ỌKỌ̀ dán an wò láti òdìkejì títì. Bí wọ́n bá jọra lójú, iṣẹ́ kò tíì parí.