Tìmùtìmù Ògiri: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí Kan

Nínú ìtumọ̀ ìwé ìlànà eré ìdárayá kan tí a fi hàn mí, mo rí i pé olùtumọ̀ pe ìbòrí tí a ń fi sí ara ògiri gbọ̀ngàn eré, kí ẹni tí ó bá sáré kọlù ú má baà fara pa, ní ‘ògiri rírọ̀’. Ògiri tí ó rọ̀ lójú Yorùbá ni ògiri amọ̀ tí òjò ti pa, tí ó fẹ́ wó. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọ̀gá ilé-ìwé tí ó bá kà á lè rò pé ohunkóhun tí ó bá ṣáà ti rọ̀ ni ó lè gba ọmọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an. Ká ní ọmọ kan ń sáré ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sì kọlu ògiri. Bí ó bá dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 1 péré, ipá tí ó dá a dúró, ní ìpíndọ́gba, yóò tó nǹkan bí ìlọ́po 127 ìwúwo ara rẹ̀. Bí ìbòrí bá fún un ní sẹ̀ǹtímítà 4, ipá náà yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po 32. Ọmọ kan náà ni, ìyára kan náà ni. Àyè ìdúró nìkan ni ó yàtọ̀. Fóòmù tí ó rọ̀ jù yóò tẹ̀ tán kí ìyára tó tán, orí yóò sì bá ògiri ní ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí ó le jù kò ní tẹ̀ rárá. Títẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni a ń wá, kì í ṣe rírọ̀.

Mo kọ́kọ́ ro ‘òṣùká ògiri’, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òṣùká ni láti pín ẹrù ká orí. ‘Ìrọ̀rí’ tún dá wa padà sí rírọ̀ (àti sí oorun!). Tìmùtìmù ni mo fara mọ́. Bí ènìyàn bá jókòó lé e, a tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì tún padà sí ipò rẹ̀. Awọ wà lóde, ohun kíkì wà nínú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ògiri: ọ̀rá líle lóde, fóòmù nínú, pákó lẹ́yìn.

Ní 1947, Pete Reiser, agbábéèsìbọ́ọ̀lù fún Brooklyn Dodgers, forí sọ ògiri Ebbets Field. Ní 1948 ni wọ́n fi fóòmù rọ́bà bo ògiri náà. Ní Wrigley Field ní Chicago, ìtàkùn ni ó bo bíríkì títí di òní. Ìbòrí ni ìtàkùn, kì í ṣe tìmùtìmù.

Ó ku ọ̀rọ̀ iná. Ní oṣù kejì 2003, fóòmù tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ijó kan ní West Warwick, Rhode Island, láti gba ariwo, gbaná. Ènìyàn 100 ni ó kú. Àwọn kan ń pe fóòmù tí a fi oògùn sí ní ‘akọná’. Irọ́ ni, nítorí kò kọ iná. Ó kàn ń fi í falẹ̀ ni. ‘Afiná-falẹ̀’ ni kí a máa kọ.