Bí ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń wo àbùdá kíláàsì: àpẹẹrẹ láti inú PHP

Ohun tí a ń pè ní réflexion lédè Faransé ni agbára tí ètò kọ̀ǹpútà ní láti wo ara rẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Kíláàsì ni àwòṣe tí a fi ń dá ohun. Àbùdá ni àyè tí ohun náà ń kó ìsọfúnni rẹ̀ sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń kọ ètò ti mọ orúkọ àbùdá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò kó ohun yòówù pamọ́ sínú fáìlì, kò lè mọ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀: ètò ni yóò bi kíláàsì léèrè.

Láti ọdún 2004, nínú PHP 5, ni èdè náà ti ní irinṣẹ́ fún èyí. Ẹ jẹ́ kí a mú kíláàsì Akeko tó jogún kíláàsì Eniyan. Eniyan ní àbùdá private kan, ojoIbi; Akeko ní tirẹ̀, maaki.

$k = new ReflectionClass('Akeko');
foreach ($k->getProperties() as $a) {
    echo $a->getName();
}

maaki nìkan ni yóò jáde. Ìdí ni pé getProperties ń mú àbùdá public àti protected tí a jogún wá, ṣùgbọ́n kì í mú private ti òbí. PHP kò sì ní kìlọ̀ fún wa. Bí a bá fi ọ̀nà yìí kó ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pamọ́, ọjọ́ ìbí gbogbo wọn ti sọnù, a kò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí a bá wá a. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a fi getParentClass gòkè láti kíláàsì dé kíláàsì, títí yóò fi dáhùn false, kí a sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè.

Nǹkan méjì ṣì kù. Èkíní, láti PHP 7.4, àbùdá tí a kọ irú rẹ̀ lè wà láìní ohunkóhun nínú. Bí a bá pe getValue lórí rẹ̀, ètò yóò dúró. isInitialized ni kí a kọ́kọ́ pè.

Èkejì, láti PHP 8.1, getValue ń ka private láìgba àṣẹ. Tẹ́lẹ̀, a ní láti kọ setAccessible ná. Nítorí náà, iṣẹ́ tó ń kó gbogbo àbùdá pamọ́ yóò kó ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Ẹni tó kọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ to orúkọ àwọn tó yẹ kó jáde, nítorí réflexion ń fi ohun tó wà nínú kíláàsì hàn, kì í sọ ẹni tó yẹ kó rí i.